Iṣẹ́ Inú Ilé àti Iṣẹ́ Ọ́fíìsì: Láti Ìdí Ìkòkò Aró dé Orí Tábìlì Akọ̀wé

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni mo bá wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ́ mi. Ọ̀nà tí èmi yóò gbà wọ inú rẹ̀ ni ọ̀nà tí ó rọ̀ mí lọ́rùn, èyíinì ni ọ̀nà ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn Yorùbá.

Láti 2020 tí àrùn Kòrónà ti lé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kúrò ní ọ́fíìsì wọn ni a ti ń gbọ́ ọ tí àwọn ènìyàn ń wí pé ohun tuntun tí ojú kò rí rí ni kí ènìyàn máa ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì nínú ilé. Àwọn kan ń yìn ín, àwọn kan ń bú u. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ ti ń gbé inú ilé Yorùbá kí akọ̀wé kankan tó ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kankan. Ṣùgbọ́n ilé tí iṣẹ́ ti jáde lọ nígbà náà kọ́ ni ilé tí ó ń padà bọ̀ sí lónìí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ilé méjèèjì ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo èdè wa. Nígbà tí àwọn bàbá wa rí ibi tí àwọn òyìnbó ti ń ṣe iṣẹ́, ilé ni wọ́n pè é: ilé-iṣẹ́. Ibi tí a ti ń kàwé di ilé-ìwé, ibi tí a ti ń tọ́jú aláìsàn di ilé ìwòsàn, ibi tí a ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ di ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹnìkan lè sọ pé nítorí ògiri àti òrùlé ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ahéré oko náà ní ògiri àti òrùlé, a kò sì pè é ní ilé. A ní ènìyàn wà ní oko, kò sí nílé. Èrò mi ni pé ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ pé "ilé-iṣẹ́" kò rí ohun àjèjì nínú pé kí ilé àti iṣẹ́ wà pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí ó ṣe mọ̀ ọ́n láti kékeré nìyẹn.

Nínú agbo ilé àtijọ́, yàrá ni ó yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà níwájú yàrá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn iṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá níláti jókòó sí. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà ti ń rànwú. Ibẹ̀ ni òfì ìdúró tí àwọn obìnrin fi ń hun kíjìpá ti fara ti ògiri. Òfì ti àwọn ọkùnrin yàtọ̀. Òwú rẹ̀ a máa nà lọ gbọọrọ níwájú ahunṣọ, ẹrù òkúta ni a sì fi ń fà á kí ó má baà dẹ̀. Nítorí náà ìta gbangba tàbí abẹ́ àtíbàbà ni ó yẹ ẹ́. Òfì obìnrin kò gba àyè tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó jókòó nídìí rẹ̀ lè máa fi ojú kan wo ìkòkò ọbẹ̀ lórí iná, kí ó sì gbọ́ ẹkún ọmọ nínú yàrá. Èmi kò gbà pé èèṣì ni èyí.

Iṣẹ́ aláró ni mo fẹ́ sọ ní kíkún. Ìtàn ìtẹ̀dó Òṣogbo tí gbogbo wa mọ̀ ti tọ́ka sí i. Nígbà tí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn àti àwọn ènìyàn wọn gé igi létí odò, tí igi náà wó sínú omi, ohùn tí ó jáde láti inú odò kò ké nítorí ìtẹ́ tàbí adé. Ìkòkò aró tí wọ́n fọ́ ni ó ń ké sí. Bí a bá gba ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ń sọ ọ́ ti ń sọ ọ́, Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ń gbé inú ilé rẹ̀, ó sì ń rẹ aró níbẹ̀. Samuel Johnson pẹ̀lú, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1921, ka aró rírẹ mọ́ iṣẹ́ àwọn obìnrin.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Wọn a já ewé ẹ̀lú, wọn a gún un nínú odó, wọn a rọ ọ́ ní róbótó, wọn a sì sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn èyí ni ti eérú. Wọn a kó eérú sínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, wọn a gbé e lé orí ìkòkò mìíràn, wọn a bu omi sí i, omi eérú a sì máa kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Inú omi yìí ni wọn yóò rẹ ẹ̀lú gbígbẹ náà sí, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí aró yóò fi tó í lò. Aṣọ tí a bá rì sínú rẹ̀ a kọ́kọ́ yọ bí àwọ̀ ewé. Atẹ́gùn ni í sọ ọ́ di aró. Wọn a rì í, wọn a yọ ọ́, wọn a sá a fún atẹ́gùn, wọn a tún rì í, títí yóò fi dúdú tó bí oníbàárà ti fẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìdúró ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. A ń dúró de oòrùn, a ń dúró de omi eérú, a ń dúró de ẹ̀lú, a ń dúró de atẹ́gùn. Láàárín ìdúró kan sí èkejì ni aláró ti ń fún ọmọ lọ́mú, tí ó ń rokà, tí ó ń ya ọjà. Iṣẹ́ tí ó lè dúró de ènìyàn ni. Àwọn àgbà ní a kì í ru ẹran erin lórí kí a máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀. Bí ẹ bá bi mí, ọkùnrin ni ó pa òwe náà, nítorí pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni obìnrin aláró ti ń ru erin tí ó sì ń wa ìrẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá tilẹ̀ lè dúró de ènìyàn, ẹnìkan níláti wà tí yóò gbé ọmọ nígbà tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ bá wà nínú aró títí dé ìgúnpá. Ọwọ́ àwọn ènìyàn tí ó wà nínú agbo ilé ni ó mú kí ilé àti iṣẹ́ lè máa bá ara wọn gbé. Ìyálé wà, ìyàwó kékeré wà, ìyá ọkọ wà, ọmọ iṣẹ́ wà, àwọn ọmọ ilé tí ó tó í gba ọmọ pọ̀n wà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nínú agbo ilé, àtọmọdé àtàgbà ni ó wà ní àrọ́wọ́tó.

Èmi kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń sọ ayé àtijọ́ di ọ̀run. Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tí ó wà nínú agbo ilé ni ó ti inú dídùn wá. Ẹrú wà níbẹ̀, ìwọ̀fà wà níbẹ̀, ìyàwó tí ó kéré jù sì ni ó ń kọ́kọ́ jí. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí ó kú ní 1874, ni a máa ń tọ́ka sí pé obìnrin lè jẹ́ olówó, kí ó jẹ́ olóyè, kí ó sì jẹ́ ọ̀gá ilé. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹrú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ní oko àti nínú ilé, pọ̀ lọ jàra, ẹni tí ó bá sì ti ka eré-onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ nípa rẹ̀ kò lè gbàgbé wọn. Iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ ajé wà pọ̀ lábẹ́ òrùlé Ẹfúnṣetán láìsí ìnira fún un, nítorí pé orí ẹlòmíràn ni ìnira náà wà. Ìbéèrè nípa ẹni tí ó ń ru ẹrù yìí ni yóò máa tẹ̀ lé wa títí dé òpin ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun kan tún wà tí a níláti yanjú kí a tó dé orí ọ́fíìsì. Jíjáde kúrò nílé lọ síbi iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí òyìnbó kọ́ wa. Àgbẹ̀ a máa jáde lọ sí oko; ará Ìbàdàn tí oko rẹ̀ jìnnà a sì máa lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ní abúlé kí ó tó wọ ìlú. Alájàpá a máa na ọjà jíjìn. Ṣùgbọ́n ọmọ lè bá bàbá rẹ̀ lọ sí oko, wọn a tilẹ̀ rọ ọkọ́ kékeré fún un. Ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ní ọjà. Oòrùn ni ó ń sọ ìgbà tí ó tó láti padà, kì í ṣe agogo. Nítorí náà kì í ṣe jíjìnnà ibi iṣẹ́ sí ilé ni ó jẹ́ ohun tuntun nígbà tí ọ́fíìsì dé.

Òyìnbó tí ó kọ́kọ́ wá gbé àárín wa pàápàá, inú ọgbà ilé rẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853, Kúdẹ̀tì ni wọ́n wá tẹ̀dó sí, àwọn ọmọ tí Anna ń kọ́ ní ìwé sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, Henry Townsend ń ṣe iṣẹ́ ìwàásù pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tí ó fi èdè Yorùbá kọ ní 1859. Ìyàwó oníwàásù ní iṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ nìkan ni àwọn tí ó rán wọn ń pè ní òṣìṣẹ́.

Ìjọba àti rélùwéè ni ó pín in yà. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, iṣẹ́ akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ní 1896 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó, nígbà tí yóò fi di 1901 ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Ìbàdàn. Ibi ìtúnkọ̀ṣe ńlá wà ní Èbúté Mẹ́ta, aago ni ó sì ń darí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti ẹni tí ó ń kọ̀wé ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni mo rí tí ó jẹ́ tuntun nínú èyí. Èkínní, ọmọ kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé bàbá tàbí ìyá débẹ̀. Èkejì, ìgbà ni a ń ra lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, kì í ṣe ohun tí ó ṣe. Akọ̀wé tí kò ní ìwé kankan níwájú níláti jókòó títí aago yóò fi lù. Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù lójú mi: owó oṣù wọ inú ilé ní orúkọ ẹnìkan ṣoṣo.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa. Nínú agbo ilé, "ìyàwó ilé" ni gbogbo obìnrin tí a fẹ́ wá sínú ilé náà, yàtọ̀ sí àwọn ọmọ ilé tí a bí síbẹ̀. Wọ́n ní ètò, wọ́n ní ìyálé, wọ́n a máa kí oríkì ọmọ ọkọ wọn, olúkúlùkù wọn sì ní iṣẹ́ tí ó fi ń jẹun. Lónìí, bí wọ́n bá bi obìnrin kan léèrè iṣẹ́ rẹ̀ tí ó sì dáhùn pé ìyàwó ilé ni òun, ohun tí ó ń sọ ni pé òun kò ní iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó ń tọ́ka sí àwùjọ àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ di orúkọ ẹni tí a gbà pé kò ṣe nǹkan kan. N kò mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá mìíràn tí ọ́fíìsì yí padà tó báyìí.

Bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù akọ̀wé kò tó bọ́ ilé rẹ̀ rí. Nígbà ìyanṣẹ́lódì gbogboogbò ti 1945, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè lábẹ́ àwọn aṣáájú bí Michael Imoudu ń bèèrè àfikún owó nítorí ọ̀wọ́n ọjà tí ogun fà, iṣẹ́ dúró fún ohun tí ó ju oṣù kan lọ. Àwọn ìyàwó tí ń tajà àti àwọn ìyá ọlọ́jà wà lára àwọn tí ó gbé àwọn ayanṣẹ́lódì ró. Ajé tí wọ́n fi iná ìdáná àti ẹnu ọ̀nà ilé ṣe ni ó mú kí àwọn ọkùnrin náà lè fi ọ́fíìsì sílẹ̀ kí ebi má sì lé wọn padà.

Ìjọba kò ka iṣẹ́ inú ilé sí iṣẹ́ nígbà tí ó bá kan owó sísan, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere nígbà tí ó bá kan owó gbígbà. Abẹ́òkúta ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, aṣọ funfun tí a ń hun ní Manchester mú kí àdìrẹ Abẹ́òkúta gbilẹ̀, àgbàlá ilé àwọn obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú ibi iṣẹ́ rẹ̀. Sódà àti aró òyìnbó wá rọ́pò eérú àti ẹ̀lú lọ́wọ́ àwọn kan. Ìdúró dín kù, ewu pọ̀ sí i, aṣọ sì ń ṣí. Ní àárín àwọn ọdún 1930, Aláké Adémọ́lá Kejì gbé òfin dìde lòdì sí sódà, àwọn aláró sì bá a jà lé e lórí. Láti 1918 ni owó orí ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, obìnrin sì ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, kì í ṣe lábẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀. Ẹ̀sùn tí ó dun àwọn obìnrin jù ni pé àwọn agbowó orí ń wọ ilé wọn, wọ́n sì ń tú aṣọ àwọn ọmọbìnrin láti mọ̀ bóyá wọ́n ti tó ẹni tí ń san owó. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ni ó kó wọn jọ. Ní 1947 àti 1948, àwọn obìnrin kún iwájú ààfin Aké, wọ́n sì jókòó síbẹ̀; ní January 1949 Aláké fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Àwọn tí ó ń kọ ìtàn yìí a máa sọ ọ́ bí ìtàn òṣèlú. Èmi a máa kà á gẹ́gẹ́ bí ìtàn ilé tí ìjọba mọ̀ pé ibi iṣẹ́ ni, tí kò sì fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ohùn kankan nínú ìgbìmọ̀.

Nígbà tí obìnrin fúnra rẹ̀ wọ ọ́fíìsì, gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì, olùkọ́, atẹ̀wé àti akọ̀wé, ó bá aago àti tábìlì tí a ti ṣètò fún ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ wà nílé. Òfin Iṣẹ́ ti 1974 gbìyànjú láti tún un ṣe. Ó fún aboyún ní ọ̀sẹ̀ 12 láti fi sinmi, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní owó tí yóò máa gbà kò gbọdọ̀ dín ní ìdajì bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 6, ó sì ní kí abiyamọ gba ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Mo fẹ́ràn gbólóhùn ìkẹyìn yìí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ka ìwé. Ibo ni ẹni tí ó kọ ọ́ rò pé ọmọ náà wà? Obìnrin tí ilé rẹ̀ wà ní Agége, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Màrínà, kò lè fi ìdajì wákàtí dé ìdajì ọ̀nà. Kò sì sí ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn náà nípa yàrá tí a lè gbé ọmọ sí ní ibi iṣẹ́. Ọmọ tí òfin yìí ní lọ́kàn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítòsí ìkòkò aró.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ tòní. Ní 30 March 2020, ìjọba àpapọ̀ ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa. Ẹni tí ó ní fóònù àti kọ̀ǹpútà, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ ìwé, gbé ọ́fíìsì wálé. Mẹkáníìkì àti alápatà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìpín àwọn díẹ̀ nínú wa ni ọ̀rọ̀ yìí. Àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wákàtí tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ Èkó ń jẹ padà sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ìyá rí ọmọ rẹ̀ fún lọ́mú láìsí òfin kankan. Ọ̀pọ̀ bàbá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ iye ìgbà tí ọmọ ọdún méjì ń pe orúkọ ènìyàn láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán. Lẹ́yìn tí títì náà parí, àwọn ilé-iṣẹ́ kan jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn máa lo ọjọ́ díẹ̀ nílé lọ́sẹ̀, èmi kò sì rí ìdí tí a ó fi bínú sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé tí iṣẹ́ bọ̀ sí. Kò sí ìyálé níbẹ̀, kò sí ìyá ọkọ, àwọn ọmọ tí ó tó í gba ọmọ pọ̀n wà ní ilé-ìwé. Ó lè jẹ́ yàrá mẹ́ta lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọkọ, ìyàwó àti ọmọ méjì. Bí ọwọ́ mìíràn bá wà, ọmọ ọ̀dọ̀ ni, ọmọ aláìní tí a mú wá láti ìlú mìíràn, ìwọ̀n ni a ó sì fi yà á sọ́tọ̀ sí ìwọ̀fà bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́. Iṣẹ́ tí ó bọ̀ wálé pẹ̀lú kì í ṣe iṣẹ́ tí ń dúró de ènìyàn. Ọ̀gá lè pè ní aago mẹ́jọ alẹ́, kí ó sì fẹ́ èsì ní aago mẹ́jọ ààbọ̀.

Èyí tí ó sì ń ya àwọn obìnrin lẹ́nu jù, bí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ni pé kò sí ẹni tí ó gbà pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Aláró kò níláti ṣàlàyé ara rẹ̀ fún àlejò. Àwọ̀ aró wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bá obìnrin kan nídìí kọ̀ǹpútà nínú ilé rẹ̀ lọ́sàn-án Tuesday gbà pé ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Wọn a ní kí ó bá àwọn gbé ìkòkò kalẹ̀, kí ó bá àwọn dúró de ẹni tí ń bọ̀ wá tún ẹ̀rọ omi ṣe. Ọkọ rẹ̀ tí ó wà nínú yàrá kejì ti ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ sì mọ̀ pé a kì í kan ilẹ̀kùn dádì bí ó bá ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ń sọ yìí kò ṣàjèjì sí wa ní yunifásítì. Ó ti pẹ́ tí a ti ń máàkì ìwé ìdánwò nílé. Èmi ń máàkì tèmi ní ọ̀sán nínú yàrá ìkàwé mi. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi tí ó jẹ́ obìnrin ń máàkì tiwọn lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sùn, lórí tábìlì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwo oúnjẹ kúrò.

Ó ku ọ̀rọ̀ ohun èlò. Aláró ni ó ni ìkòkò rẹ̀, òun ni ó sì ni èrè orí aṣọ. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì nílé ń fi epo jẹnẹrétọ̀ ara rẹ̀, dátà ara rẹ̀ àti àga ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ẹlòmíràn. Iná tí ilé-iṣẹ́ ń san owó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ìnáwó ilé, bóyá àárín owó ọbẹ̀ àti owó ilé-ìwé ni a ti yọ ọ́, kò sì hàn nínú ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ náà mọ́. Ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ títí di òní, ẹ bi ẹni tí ó ń rẹ aṣọ léèrè iye tí ó ra sódà àti iye tí ó ra igi ìdáná. Yóò sọ ọ́ fún yín láìwo ìwé, nítorí pé ó ti ṣírò rẹ̀ mọ́ iye aṣọ kí ó tó dá iye lé e.